Emil von Behring, Ẹni tí Ó Ṣẹ́gun Oró Dífitéríà

Ní ọdún 1854 ni a bí Emil von Behring ní ìletò Hansdorf, ní ilẹ̀ Prussia ìgbà náà. Olùkọ́ ni baba rẹ̀. Ọmọ pọ̀ nílé, owó kò sì tó láti rán Emil lọ sí Yunifásítì. Nítorí náà, ní ọdún 1874, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ọmọ-ogun ní ìlú Berlin, níbi tí a kì í ti í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ológun san án padà.

Ní ayé ìgbà náà, àrùn dífitéríà ń pa ọmọdé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Yúróòpù. Kòkòrò rẹ̀ a máa ba sí ọ̀nà ọ̀fun, a sì máa tu oró sínú ẹ̀jẹ̀, oró náà a sì ba ọkàn jẹ́. Òbí a jókòó ti ọmọ tí èémí rẹ̀ ń há, láìrí nǹkan kan ṣe.

Nígbà tí Behring dé ọ̀dọ̀ Robert Koch ní Berlin, òun àti Kitasato, ọmọ ilẹ̀ Japan, wádìí ọ̀ràn yìí. Wọ́n mú kí ara ehoro mọ́ oró tẹ́tánọ́ọ̀sì títí kò fi lè pa á mọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ara eku, tẹ́tánọ́ọ̀sì kò sì rí eku náà pa. Báyìí ni wọ́n fi hàn ní ọdún 1890 pé ara tí ó ti bá oró pàdé rí a máa pèsè ọmọ-ogun sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun yìí a rọ̀ mọ́ oró, wọn a sọ ọ́ di aláìlágbára, ara a sì ráyè ṣẹ́gun kòkòrò. Behring rí i pé bákan náà ni ti dífitéríà. A bẹ̀rẹ̀ sí gba omi ẹ̀jẹ̀ lára ẹṣin láti fi wo àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó yè. Ní ọdún 1901, Behring ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í pẹ́ lára ẹni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ-ogun tí a yá lára ẹṣin a tán. Behring kò jókòó ti ògo rẹ̀. Ní ọdún 1913 ó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde, èyí tí ó mú kí ara ọmọ fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń pèsè ọmọ-ogun tirẹ̀ kí àrùn tó dé. Ó kú ní ìlú Marburg ní ọdún 1917, àwọn mìíràn sì tún iṣẹ́ náà ṣe.

Nígbà tí dífitéríà jà ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú ni kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Ohun ẹni ní í bá ni mu: ọmọ-ogun tí ó ti wà nílé ni ó ń pàdé ọ̀tá lẹ́nu odi.