François Magendie àti Gbòǹgbò Iṣan Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ní ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ni a bí François Magendie sí ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1783. Oníṣègùn tí í fi abẹ ṣiṣẹ́ ni baba rẹ̀, ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ sí ìyípadà ìjọba ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Paris ní 1791. Baba yìí gbà pé inú òmìnira ni ó yẹ kí ọmọ ti dàgbà, nítorí náà kò fi ipá rán François lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ náà ti tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ pé kí a fi òun síbẹ̀. Bóyá láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ àṣà tí ó bá a dọ́jọ́ alẹ́, èyíinì ni pé kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ó di oníṣègùn ní 1808. Ní ọdún kejì ó ṣe ìwádìí májèlé kan tí àwọn ará erékùṣù Java àti Borneo fi ń pa ọfà wọn, ó sì fi hàn pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni májèlé náà ń bá jà tí ara ẹranko fi ń le gbagidi kí ó tó kú.

Nínú egungun ẹ̀yìn ènìyàn ni okùn mùdùnmúdùn kan wà, tí ó nípọn tó ọmọ ìka tí ó kéré jù, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ dé ìbàdí. Iṣan méjì méjì ní ọ̀nà 31 ni ó yọ lára rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Iṣan wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀; ìròyìn ni wọ́n ń gbé. Gbòǹgbò méjì ni iṣan kọ̀ọ̀kan sì ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n tó so pọ̀ di ẹyọ kan. Kí ni gbòǹgbò méjì wà fún? Láti ayé àtijọ́ ni àwọn oníṣègùn ti ń rí aláìsàn tí ara rẹ̀ kú tipiri ṣùgbọ́n tí ó ń rìn, àti ẹni tí kò lè rìn mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń mọ ìrora; síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó so ọ̀ràn náà mọ́ gbòǹgbò wọ̀nyí.

Charles Bell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, súnmọ́ ọn. Ní 1811 ó tẹ ìwé pélébé kan, ọgọ́rùn-ún péré, fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wí níbẹ̀ pé bí a bá fọwọ́ kan gbòǹgbò iwájú, ẹran ara a máa fò. Bí a bá gé ti ẹ̀yìn, kì í fò. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ti ẹ̀yìn ni ó ń gbé ìmọ̀lára.

Ní 1822, ọmọ ajá mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bọ́ sí Magendie lọ́wọ́. Egungun ẹ̀yìn wọn kò tí ì le, nítorí náà ó lè fi abẹ mímú là á láìba okùn inú rẹ̀ jẹ́. Ó gé gbòǹgbò ẹ̀yìn àwọn iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀ kan, ó sì rán ojú ọgbẹ́ náà. Ó gún ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ajá náà kò mira. Ó rò pé ẹsẹ̀ náà ti rọ. Kò pẹ́ ni ẹnu yà á: ajá náà gbé ẹsẹ̀ náà! Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dán an wò lára èkejì àti ẹ̀kẹta, bákan náà ni ó rí. Ó wá kù kí ó gé ti iwájú, èyí tí ó ṣòro jù nítorí pé okùn náà bò ó. Nígbà tí ó rí i gé, ẹsẹ̀ di jọ̀wọ̀lọ̀, kò sì mì mọ́. Síbẹ̀ ó hàn gbangba pé ajá náà ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá gún un. Ẹ̀yìn ni ìmọ̀lára ń gbà wọlé, iwájú ni àṣẹ ìmira ń gbà jáde.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà má lọ. Láàrin àwọn onímọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bell àti John Shaw, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, kéde pé Bell ni ó ni iṣẹ́ náà. Magendie gbà pé Bell ti rí ọ̀nà gbòǹgbò iwájú, ṣùgbọ́n kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bell tún àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ ní 1824, ó sì yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà láti bá ìmọ̀ tuntun mu, èyí tí kò yẹ ọmọlúwàbí. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe òfin náà lónìí.

Ẹ̀gàn mìíràn tọ́ sí Magendie ní tirẹ̀. Kò sí oògùn ìpara lóorun ní 1822, gbogbo ohun tí ó ṣe ni àwọn ajá náà sì mọ̀ lára. Nígbà tí ó ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1824, inú bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gidigidi, a sì dárúkọ rẹ̀ sí búburú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Kàkà kí ó rọ̀, ó tún tako oògùn ìpara lóorun nígbà tí ó dé Paris ní 1847.

Síbẹ̀, lórí gbòǹgbò méjì yìí ni Marshall Hall ará Gẹ̀ẹ́sì dúró ní 1833 láti ṣàlàyé ìṣe àìròtẹ́lẹ̀ ti ara. Bí ọwọ́ ẹni bá kan ìkòkò gbígbóná, ìròyìn a gba gbòǹgbò ẹ̀yìn wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àṣẹ a sì gba ti iwájú jáde, ọwọ́ a ti fà sẹ́yìn kí ọpọlọ tó mọ̀ pé iná ni. Ọ̀nà kan náà ni ó ń mú ẹsẹ̀ ta nígbà tí dókítà bá fi òòlù kékeré lu abẹ́ orúnkún. Bí ẹsẹ̀ kò bá ta, dókítà mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà náà já níbì kan, ó sì mọ apá ibi tí yóò ti wá a lára ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ní 1832, nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Paris tí ọ̀pọ̀ olówó sì sá kúrò ní ìlú, Magendie dúró ti àwọn tálákà ní ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu. Ó ṣìnà nípa àrùn náà, ó ní kì í ràn; ṣùgbọ́n kò sá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Collège de France ni ó ti ń kọ́ni, níbi tí Claude Bernard ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì wá jogún àga rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1855, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ó pé ẹni ọdún 72, ó kú ní Sannois lẹ́bàá Paris.