ALHAJI ADÉGÒKÈ ADÉLABÚ (1915–1958), AṢOJÚ MẸ̀KÚNNÙ

Nínú ìwé ìrántí yìí, a mú ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan wá fún ẹ̀kọ́ wa. Kì í ṣe ọmọ ìjọ Aládùúrà, Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú ayé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rí.

Ìbàdàn ni wọ́n bí Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú sí ní ọjọ́ 3 oṣù September, 1915. Ilé-ìwé ìjọ CMS ní Kúdẹtì ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó sì wọ Government College, Ìbàdàn ní 1931. Ó dé Yaba Higher College, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ UAC gbà á sí iṣẹ́. Ó tún ṣe iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 1952, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Africa in Ebullition.

Ní 1951, a dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Àyè mẹ́fà ni ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party ló sì kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó kù kí ìjọba bẹ̀rẹ̀, márùn-ún nínú wọn lọ bá Action Group, ẹgbẹ́ tí ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìjọba ni ipò àti ọlá wà, síbẹ̀ kò lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ló yíjú sí. Nígbà náà, inú àwọn àgbẹ̀ ò dùn rárá, torí ìjọba ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn tó ń bá kòkó jà. Adélabú bá ẹgbẹ́ wọn tí à ń pè ní Máyéégún dọ́wọ́ pọ̀, wọ́n sì di Mabọ̀láje. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní jẹ iyán, ṣùgbọ́n ó tún mọ bí a ti í bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ tí yóò yé e. Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni àwọn èèyàn yí padà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ìdàrúdàpọ̀ fi di Pẹnkẹlẹmẹ́sì lẹ́nu ará ìlú.

Ní 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Ìgbìmọ̀ Ìlú Ìbàdàn, òun sì ni alága. Ní 1955, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀. A ò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀: ìjọba yan ìwádìí sí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, àbájáde rẹ̀ kò dára fún un, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956.

Síbẹ̀, ará Ìbàdàn kò kọ̀ ọ́. Nínú ìbò oṣù May ọdún náà, NCNC ní àyè 32, Action Group ní 48. Adélabú wá di Olórí Alátakò. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń wá oúnjẹ. Olórí alátakò ni yóò yẹ òfin wò kí ó tó kọjá, òun ni yóò bi ìjọba léèrè owó ìlú, tí yóò sì sọ fún alágbára pé kò dára.

Ní ọjọ́ 25 oṣù March, 1958, bó ti ń bọ̀ láti Èkó, jàǹbá ọkọ̀ pa á ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ẹni ọdún 42 péré ni. Àhesọ gba ìgboro pé ọ̀tá ló pa á. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n pa aláìṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wádìí.

Ará, ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́. Èkíní, dídúró ti ọ̀rọ̀ ẹni nígbà tí kò sí èrè níbẹ̀. Èkejì, ká má ṣe fi ìbínú ṣọ̀fọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní aṣojú tí kì í tà wá, kí Ó sì fún àwa náà ní sùúrù. Àmín.