Tom Morris Àgbà: Bàbá tí Ọmọ Rẹ̀ Ta Yọ

Ìdíje gọ́ọ̀fù kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Open. Nínú gbogbo ìdíje ńláńlá tí àwọn ògbóǹtarìgì eré náà ń bá ara wọn fà, òun ni ó lọ́jọ́ lórí jù lọ, nítorí pé ọdún 1860 ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà jù lọ láti gba ẹ̀yẹ rẹ̀ gbà á ní ọdún 1867, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 46. Ẹni tí ó kéré jù lọ láti gbà á gbà á ní ọdún kejì rẹ̀, 1868, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Títí di òní olónìí, kò sí ẹni tí ó tí ì yẹ àkọsílẹ̀ méjèèjì náà. Bàbá àti ọmọ ni wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́, èyí ni Tom Morris. Bàbá ni a mọ̀ sí Tom Àgbà, ọmọ sì ni Tom Kékeré.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1821 ni a bí Tom Àgbà ní ìlú St Andrews, ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Skọ́tlándì. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ilé wọn kì í sì í ṣe ilé olówó. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Allan Robertson, ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó mọ gọ́ọ̀fù gbá jù lọ ní ìgbà náà. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ṣíṣe ni Robertson ń ṣe jẹun. Awọ ni wọ́n fi ń rán bọ́ọ̀lù náà, ìyẹ́ ẹyẹ tí a ti bọ̀ ni wọ́n sì ń kì sínú rẹ̀ títí yóò fi le koko. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹnì kan lè ṣe lóòjọ́, owó bọ́ọ̀lù náà sì wọ́n gan-an.

Ní nǹkan bí ọdún 1848, bọ́ọ̀lù titun kan dé, tí a fi oje igi tí ń jẹ́ gutta-percha ṣe. Ó rọrùn láti ṣe, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Robertson rí i pé ohun titun yìí fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ó sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ká Tom mọ́ ibi tí ó ti ń fi bọ́ọ̀lù titun náà gbá, ìjà dé láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, Tom sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ti ń rí nígbà tí ọ̀gá kò bá fẹ́ kí ohun titun kọjá òun.

Ní ọdún 1851, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Fairlie, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ Prestwick ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, mú un wá sí ìlú náà láti wá máa tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù wọn. Tom kó aya rẹ̀, Agnes, àti ọmọ-ọwọ́ wọn dání. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún náà ni a bí ọmọ yìí, òun sì ni Tom Kékeré. Kì í ṣe àkọ́bí wọn. Wọ́n ti kọ́kọ́ bí ọmọkùnrin kan tí àwọn náà sọ ní Tom, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1850 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Orúkọ ọmọ tí ó lọ ni wọ́n tún fún èyí tí ó dé.

Ihò 12 ni Tom Àgbà là sí pápá Prestwick, níbẹ̀ ni a sì ti gbá ìdíje Open àkọ́kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1860. Bẹ́líìtì awọ pupa kan tí a fi fàdákà dárà sí ni ẹ̀yẹ rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ péré ni ó díje. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye gbígbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré jù ni ó borí. Ní ọjọ́ náà, Willie Park ará Musselburgh fi gbígbá méjì péré ta Tom Àgbà yọ. Ṣùgbọ́n Tom gba bẹ́líìtì náà ní ọdún 1861, ó tún gbà á ní 1862, ní 1864 àti ní 1867. Ní 1862, gbígbá 13 ni ó fi ju ẹni tí ó tẹ̀lé e lọ. Kò sí ẹni tí ó borí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdíje ńlá kankan títí di ọdún 2000, nígbà tí Tiger Woods fi gbígbá 15 borí ní Amẹ́ríkà.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ akọni, àléébù kan wà lára Tom Àgbà. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ti sún mọ́ ihò, tí ọmọdé pàápàá lè tì wọlé, a máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìròyìn àléébù yìí tàn débi pé ẹnì kan kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Prestwick láìkọ orúkọ rẹ̀ sí i, àléébù náà nìkan ni ó fi júwe rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Tom gan-an ni akólẹ́tà mú un lọ. Ọmọ rẹ̀ kò jogún àléébù náà. Bọ́ọ̀lù ìtòsí gan-an ni agbára tirẹ̀.

Orí pápá tí bàbá ń tọ́jú ni ọmọ ti kọ́ eré náà. Bàbá rán an lọ sí ilé-ìwé gíga ti Ayr, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń lọ, ṣùgbọ́n kò yà á nípa sí eré tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1864, ó mú un lọ sí ìdíje kan ní ìlú Perth. Wọ́n fi ọmọdékùnrin ìlú náà kan ko ó lójú, Tom Kékeré sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ní ọdún kejì, ó wọ ìdíje Open láàárín àwọn àgbà, ọmọ ọdún 14 sì ni. Láti ìgbà náà ni bàbá àti ọmọ ti ń pawọ́ pọ̀ gbá eré ẹlẹ́ni-méjì. Nínú eré yìí, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbá. Bí bàbá bá gbá a tán, ọmọ ni yóò gbá èyí tí ó tẹ̀lé e. Ibi tí ọmọ bá ju bọ́ọ̀lù sí, bàbá ni yóò yọ ọ́ níbẹ̀. Èyí tí bàbá bá sì tì tì tí kò wọlé, ọmọ ni yóò parí rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tún ju èyíinì lọ.

Ní ọdún 1868, bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ bàbá nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀; nígbà tí ó parí, ó ti di ti ọmọ. Ní ọdún 1869, ọmọ tún borí. Ní ọdún 1870, Tom Kékeré gbá ihò 36 ní gbígbá 149, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ihò àkọ́kọ́ jìnnà ní yáàdì 578, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó wọlé. Òfin ni pé ẹni tí ó bá gba bẹ́líìtì náà ní ọdún mẹ́ta léra ni yóò ni ín pátápátá, nítorí náà ó gbé e lọ sílé. Kò sí ẹ̀yẹ mọ́, kò sì sí ìdíje ní ọdún 1871. Nígbà tí ìdíje padà bẹ̀rẹ̀ ní 1872, òun náà ni ó borí, orúkọ rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ lára ife fàdákà tí a ń gbà títí di òní. Kò tí ì sí ẹlòmíràn tí ó gba Open ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léra.

Bàbá kò bínú. Ohun tí Robertson kò lè gbà lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù lásán, Tom Àgbà gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ìdílé náà ti padà sí St Andrews ní nǹkan bí ọdún 1865, níbi tí a ti ń san £50 lọ́dún fún un láti máa tọ́jú pápá ìlú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, bàbá àti ọmọ lọ sí North Berwick láti fi eré ẹlẹ́ni-méjì ko Willie Park àti arákùnrin rẹ̀, Mungo. Oyún aya Tom Kékeré, Margaret, ti tó bí. Ó ku ihò méjì kí eré parí ni wáyà dé pé ìrọbí ti le koko. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ọwọ́ bàbá ni wáyà náà bọ́ sí, tí ó sì pa á mọ́ra títí eré fi parí. Wọ́n borí. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti gba ọ̀nà àbùjá lọ sílé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ìyá àti ọmọ titun ti kú.

Láti ìgbà náà ni ayé ti sú Tom Kékeré. Síbẹ̀, ó gbá eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ kan pẹ̀lú Arthur Molesworth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú òtútù àti yìnyín ìgbà ọ̀gìnnìtìn, ó sì borí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1875, ó kú ní ilé bàbá rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ya nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á. Àwọn ènìyàn ń wí pé ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá a máa dá wọn lóhùn pé bí ìbànújẹ́ bá ń pa ènìyàn, òun náà ìbá ti kú.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Agnes aya rẹ̀ kú ní ọdún 1876. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, John, Elizabeth àti James, ń kú tẹ̀lé ara wọn, títí ó fi di ọdún 1906 tí kò ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó náà kò fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù sílẹ̀. Ó ń díje nínú Open títí ó fi lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó la pápá káàkiri Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì, lára wọn ni Muirfield, Dornoch àti Lahinch. Iyanrìn ni ó ń fọ́n sórí koríko kí ó lè hù dáadáa, àwọn olùtọ́jú pápá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù ní pápá St Andrews ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí ó gbà pé ilẹ̀ pàápàá nílò ìsinmi. Ọdún 1903 ni ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1908, ó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ní ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan ní St Andrews, ó sì kú. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 87. Ihò ìkẹyìn pápá ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọgbà kàtídírà àtijọ́ ni a sin ín sí, ní ẹ̀bá ọmọ rẹ̀. Ère òkúta tí ọgọ́ta ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù dáwó jọ gbẹ́ fún Tom Kékeré ní ọdún 1878 ni ó dúró gbọn-in lára ògiri níbẹ̀, tí ó ga ju ibojì bàbá lọ. Ẹni tí ó bá mọ irú bàbá tí Tom Àgbà jẹ́ yóò gbà pé bí ó ti fẹ́ kí ó rí gan-an nìyẹn.