Àfọ̀njá, Ààrẹ Tí Ogun Pa Sílé Ara Rẹ̀

Láti Adéwọlé dé Ìdíàpé, níbi tí agboolé Àfọ̀njá wà, kò jìnnà. Síbẹ̀, ojú tí àwọn ará Ìlọrin fi ń wo ọkùnrin náà kò dọ́gba. Ọ̀dàlẹ̀ tó ba Ọ̀yọ́ jẹ́ ni lójú àwọn kan. Akọni tí àwọn tó fọkàn tán dà ni lójú àwọn mìíràn. Ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní ẹ̀rí.

Láderin, Pàsín àti Alágbin baba rẹ̀ ni wọ́n ṣáájú rẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ̀jẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ sì wà lára rẹ̀ láti ìhà ìyá. Nígbà tí oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ṣófo, ó ní òun ni yóò jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè náà rẹlẹ̀ sí ipò ọmọ ọba. Oyè tó le ni. Gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sórí Kakaǹfò, ọ̀pá lásán ló sì ń mú lọ sójú ogun. Láàrin oṣù mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Aláàfin Awólẹ̀ fún un ní oyè náà, ṣùgbọ́n inú ọba kò dùn sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1796, ó rán an lọ sí Ìwéré-Ilé, ìlú orí òkè tí kò ṣeé fọ́, pẹ̀lú ìrètí pé kò ní padà bọ̀. Ète náà tú. Àwọn ọmọ ogun, pẹ̀lú àwọn ìjòyè bíi Baṣọ̀run Aṣamú, kẹ̀yìn sí ọba, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Awólẹ̀ gbé májèlé jẹ lẹ́yìn tó ti ṣépè fún wọn. Lẹ́yìn náà ni Àfọ̀njá kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́.

Agbára tirẹ̀ nìkan kò tó o. Ní 1817, ó ké sí Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ó sì gba àwọn ẹrú Haúsá tó sá fún olówó wọn láyè láti di ọmọ ogun rẹ̀. Jàmáà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣọlágbérù, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, wà ní Òkè Súná gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ohun tí ìtàn àwọn ará Bìrìtéènì sọ nípa Vortigern, ọba tó pe jagunjagun Saxon wá láti bá a lé ọ̀tá, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ó wá kan ọmọ àwọn Saxon náà láti máa gbèjà ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Denmark.

Àwọn Jàmáà ń kó ẹrù àwọn aráàlú, wọn kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Fágbohùn, Baálẹ̀ Jàbàtà, kìlọ̀ fún Àfọ̀njá. Dípò kí Ààrẹ gbọ́, ó fẹ́ pa á, Fágbohùn sì sá. Ohun tó burú jù nínú ìwà Àfọ̀njá nìyí: ó gbọ́ràn sí àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀, ó sì lé ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ tú wọn ká, ọ̀rọ̀ ti lu síta. Wọ́n kọjú ìjà sí i ní ilé rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1823. Ṣọlágbérù kò dìde. Àwọn tó ránṣẹ́ pè ní àwọn ìlú mìíràn kò tètè dé.

Kò sá. Ọfà tó bá a pọ̀ débi pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìtàn, àwọn ọfà náà gbé òkú rẹ̀ dúró. Ẹ̀rù òkú náà ba àwọn tó pa á. Nígbà tó yá, wọ́n sun ún.

Abdulsalami, ọmọ Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Ọdún 1840 ni Ìbàdàn dá ọmọ ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro kó tó di ìgbà náà. Àwọn ọmọ Àfọ̀njá wà ní Ìdíàpé, oyè Mágàjí Ààrẹ ni wọ́n ń jẹ.