Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ tó wádìí ohun tó ń fún ọpọlọ pa nínú agbárí

Ìlú Cleveland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Harvey Cushing lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 1869. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá, iṣẹ́ ìṣègùn sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn.

Ọdún 1893, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Harvard, wọ́n ní kó fi éétà kun aláìsàn kan lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kó pa iṣẹ́ náà tì. Nígbà tí kò wá pa á tì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ernest Codman, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ọkàn àti èémí aláìsàn ṣe ń lọ sílẹ̀ sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ abẹ bá ń lọ lọ́wọ́.

Àmọ́ ìlú Bern, ní Switzerland, ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti yọ. Lọ́dọ̀ Kocher ló wà níbẹ̀ láàárín ọdún 1900 sí 1901. Ẹ jẹ́ ká rántí pé agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀: ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló jọ pín in gbé. Bí jíjẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí kókó bá gbàyè níbẹ̀, ọpọlọ ni yóò jìyà rẹ̀. Cushing dá ihò sí agbárí ajá, ó fi gíláàsì dí i bíi fèrèsé, ó sì ń ti omi wọnú rẹ̀. Ó rí i kedere pé bí omi ṣe ń fún ọpọlọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ń ṣì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń lọ sókè kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ọpọlọ. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń pe àmì náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kí àmì yẹn tó hàn, ọ̀rọ̀ sábà máa ń ti bọ́ sórí. Nítorí èyí ni Nils Lundberg, ní ìlú Lund ní Sweden, fi gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lọ́dún 1960: ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú agbárí aláìsàn, ẹ̀rọ sì ń kọ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń fún un láìdáwọ́dúró. Lóde òní, wáyà tín-ín-rín tó ní ẹ̀rọ kékeré lórí ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Bó bá ti kọjá mílímítà mẹ́kúrì 22, àwọn dókítà kì í fọwọ́ lẹ́rán mọ́.

Cushing kò rí èyí. Kókó inú ọpọlọ tó yẹ̀ wò láyé rẹ̀ lé ní 2,000. Lọ́dún 1926, òwúrọ̀ tí wọ́n túfọ̀ àkọ́bí rẹ̀ tí mọ́tò pa fún un, ó ṣì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Àwọn kan á ní ọkàn rẹ̀ yigbì. Èmi rò pé ibẹ̀ nìkan ló ti lè dúró lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá, ọdún 1939 ló kú ní New Haven, àìsàn ọkàn ló pa á. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá kókó kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ nínú ọpọlọ rẹ̀, níbi tí omi ń gbà kọjá gan-an.