ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸNI TÍ Ó KÓ ÈNÌYÀN WỌ ODÒ ỌYA

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:1-5, Lúùkù 14:28-30

KÓKÓ Ọ̀RỌ̀: Ẹni tí ó bá kó àwọn ọmọ Ọlọ́run lọ sí ìrìn àjò ni yóò jíhìn wọn.

Olùfẹ́, bóyá orúkọ rẹ wà lára àwọn tí yóò bá ìjọ lọ sí ìrìn àjò ìhìnrere lọ́dún yìí. Bóyá ìwọ gan-an ni wọ́n ní kí o ṣáájú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ó lè jẹ́ Kútọnu tàbí Lomé ni ẹ ń lọ, ó sì lè jẹ́ ìlú òkèèrè tí ọkọ̀ òfúrufú ń gbéni lọ. Ní irú àkókò yìí, aṣọ tí gbogbo yín yóò jọ dá, oúnjẹ tí ẹ óò jẹ lọ́nà àti fọ́tò tí ẹ óò yà ni ọ̀pọ̀ ń rò. Kí o tó ronú dé ibẹ̀, mo fẹ́ kí o jókòó ti ọmọ Yorùbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya bo ìlú náà. Wọ́n kó ọmọkùnrin yìí, ìyá rẹ̀ àti àwọn mìíràn nínú ẹbí rẹ̀ lọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí fi rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Esperança Felix. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà dé ibi tí ó ń lọ. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró lójú omi, wọ́n sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ìrìn àjò òkèèrè tí Àjàyí kọ́kọ́ lọ nìyẹn. Wọ́n mú un lọ lẹ́rú ni.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ní Ikùn-Àkókó, ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkárẹ́, irú ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ. Àwọn àgbà ilé rẹ ti lè sọ fún ọ bí ogun Tápà ṣe da ilẹ̀ Àkókó láàmú ní ọ̀rúndún náà, tí wọ́n ń kó tọmọdé tàgbà lọ. Fi èyí sọ́kàn, nítorí ilẹ̀ Tápà yẹn kan náà wà lára ibi tí Àjàyí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wàásù nígbà tó yá.

Ní Freetown ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì gba Jésù gbọ́. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ti di olùkọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sọ ọ́ di olórí lójijì. Kí ó tó ṣáájú ẹnikẹ́ni, ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wọ Odò Ọya. Orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Àwọn tó rán wọn fẹ́ fi òpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì gbin òwò rere àti ìhìnrere dípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí a mọ̀ sí CMS fi James Schön, tí ó jẹ́ ará Jámánì, àti Crowther sínú ọkọ̀ náà. Owó wà, ọkọ̀ dára, àwọn ènìyàn ńlá sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ibà kọlù wọ́n. Nínú òyìnbó 145 tó wọ odò náà, ó ju 40 lọ tí ó kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń pa wọ́n. Ọdún 1897 ni ẹ̀dá tó mọ̀ dájú pé ẹ̀fọn ni ń gbé ibà kiri.

Olùfẹ́, ìtara nìkan kò gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́ ikú. Crowther rí gbogbo rẹ̀. Òun àti Schön padà pẹ̀lú èrò kan náà, pé ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ìhìnrere lọ sí inú ilẹ̀ yìí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè àwọn tó ń lọ bá.

Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ì pé oṣù kan níbẹ̀ tí ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹni tó bá lọ gbé ẹrù Ọlọ́run kò mọ ohun tí Ọlọ́run ti gbé dè é lọ́nà.

Ní ọdún 1854, wọ́n tún wọ Odò Ọya nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad. Dókítà William Baikie ni olórí wọn, Crowther sì wà níbẹ̀. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lójú odò, wọ́n wọ Odò Bẹ́núè lọ jìnnà réré, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Kí ló yàtọ̀? Baikie mú kí wọ́n máa lo oògùn kuníìnì lójoojúmọ́, kí ibà tó dé. Odò náà kò yí padà, ẹ̀fọn rẹ̀ kò sì yí padà. Olórí ló gbọ́n sí i. Ìwọ tí o ń gbààwẹ̀ fún ìrìn àjò yín, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ti béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ń fẹ́? Ṣé o mọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée láàárín àwọn ènìyàn rẹ? Má ṣe sọ ìwà àìbìkítà ní ìgbàgbọ́.

Nígbà tó di ọdún 1857, ó kan Crowther láti ṣáájú. Ọkọ̀ Dayspring ni ó bá Baikie wọ̀, ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ ìhìnrere, Crowther ni olórí, àwọn tí ó kó lẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Wo bí ó ṣe yan ènìyàn. Ó mú John Christopher Taylor, àlùfáà tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Sàró fún àwọn òbí tí ó jẹ́ Ìgbò tí a gbà kúrò lóko ẹrú. Ó mú Simon Jonas, tí ó gbọ́ Ìgbò, tí ó sì ti mọ odò náà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, Crowther ti kọ ìwé kékeré tí a fi ń kọ́ èdè Ìgbò. Ọmọ Yorùbá ni, kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí kò lè kí oníle kò lè wàásù fún un.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1857, wọ́n dé Onitsha. Wọ́n lọ kí ọba, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n sì gba ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ máa lọ, Crowther fi Taylor sílẹ̀ níbẹ̀. Jọ̀wọ́, dúró ronú sí èyí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere ló ń lọ fún ọjọ́ méje, tí wọ́n ń ka iye ọwọ́ tó nà sókè, tí wọ́n sì ń kó gbogbo ara wọn padà sílé. Ta ni yóò tọ́jú ọmọ tuntun náà? Bí ẹ kò bá lè fi ẹnìkan sílẹ̀, ẹ wá ìjọ kan níbẹ̀ tí yóò gba ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ tó lọ.

Ọkọ̀ náà tẹ̀ síwájú dé Gbebe, níbi tí Odò Bẹ́núè ti pàdé Odò Ọya, ó sì wọ ilẹ̀ Tápà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ó forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò. Nǹkan bí ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dúró kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbé wọn. Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Crowther kò fi ọdún náà ṣọ̀fọ̀ ọkọ̀. Ó ń kọ́ èdè Tápà, ó ń bá àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ń wo ibi tí iṣẹ́ yóò gbà wọlé. Ní ọdún 1862, ó ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Gbebe. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Oyè kò mú un jókòó sílé. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú un ní ìgbèkùn nítòsí Ìdá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Dandeson, ó ń béèrè owó ìràpadà. Nígbà tí wọ́n lọ gbà wọ́n, ọfà pa aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó lọ fún iṣẹ́ náà. Láti ìparí ọdún 1871 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1872, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gba orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ sí Bìdá, ó sì ti ibẹ̀ wá sí Èkó. Ní ọdún 1884, gbogbo Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Bíbélì tí ìyá rẹ ń kà nílé kò ṣẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ibi tó dun ni pamọ́ fún ọ. Iṣẹ́ náà gbòòrò ju ohun tí ojú ẹnìkan lè ká lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri láti Bonny àti Nembe létí òkun títí dé òkè odò, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sì máa ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè pẹ́ títí kí ó tó tún fi ojú kan òṣìṣẹ́ kan. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, àwọn kan ṣe dáadáa, àwọn kan sì ṣìnà, wọ́n gbájú mọ́ òwò tàbí ìwà tí kò yẹ. Crowther jẹ́ ẹlẹ́mìí tútù, ó sì máa ń ní sùúrù fún ènìyàn. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó lé iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Wọ́n rí àṣìṣe tòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwọ̀sí lé e, wọ́n da ẹni rere pọ̀ mọ́ ẹni búburú, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò. Dandeson ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Baba arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ olórí, kọ́ ẹ̀kọ́ méjì níhìn-ín. Èkíní, àánú kò ní kí o má bẹ iṣẹ́ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ kan bá ń ná owó ìjọ ní ìnákúnàá, tàbí tí ó ń wá ọ̀nà láti sá mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní òkèèrè, tètè pè é sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ tó di ti gbogbo ayé. Èkejì, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n rán láti yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, má ṣe fi ọ̀sán kan tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ẹnìkan fi ọdún 30 kọ́.

Ṣé Crowther wá pàdánù? Rárá. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ etí òkun wọ̀nyẹn fìdí ara wọn múlẹ̀ lábẹ́ Dandeson, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Irúgbìn tí baba gbìn ti mọ bí a ti ń dá dúró. Láti Ikùn-Àkókó lónìí, kò pẹ́ rárá kí ọkọ̀ tó gbé ọ dé Lọ́kọ́ja. Bí o bá dé ibẹ̀, dúró wo ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà kan ló fínnúfíndọ̀ wọ inú omi náà lọ, kí àwọn ẹlòmíràn lè di òmìnira.

ÌGBÉSẸ̀ FÚN ÒNÍ: Kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń lọ sínú ìwé. Gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, pè wọ́n, kí o sì béèrè nípa ìlera wọn, owó wọn, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ lọ. Kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn ní èdè ibi tí ẹ ń lọ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, má ṣe jẹ́ kí n kó ẹnikẹ́ni lọ sí ibi tí Ìwọ kò rán wa.
2. Olúwa, fún mi ní ọgbọ́n láti tọ́jú àwọn tí o fi sí ìkáwọ́ mi, àti ìgboyà láti bá wọn wí nínú ìfẹ́.
3. Bí ọkọ̀ wa bá fọ́ lójú ọ̀nà, Olúwa, má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ Rẹ lọ́wọ́ wa fọ́.
4. Baba, gbé àwọn tí yóò dúró dìde lẹ́yìn tí a bá ti padà sílé, ní orúkọ Jésù. Àmín.