Percy Julian àti Ẹ̀wà Kàlàbá

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari, ẹ ti rí bí àwọn obìnrin Kánò ti ń fún òróró lára ẹ̀pà lílọ̀ kí wọ́n tó fi ìyókù dín kúlíkúlí. Bí ọwọ́ ti wù kí ó le tó, òróró díẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Ọgbọ́n àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ni pé wọn a da ohun olómi bí ether lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí. Òróró a yòrò sínú rẹ̀. Bí ether bá sì gbẹ lọ, ohun tí wọ́n ń wá ni yóò kù. Irú iṣẹ́ yìí ni Percy Julian fi di olókìkí.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí i ní Montgomery, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Vienna ní 1931, lẹ́yìn náà ni ó padà sí Yunifásítì DePauw láti ṣe ìwádìí.

Ẹ̀wà Kàlàbá ni ó dojú kọ, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Láti 1864 ni àwọn ará Jámánì ti yọ physostigmine lára rẹ̀, oògùn fún àrùn ojú tí a ń pè ní glaucoma. Julian àti Josef Pikl fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n Robert Robinson ti Oxford, àgbà onímọ̀, ti ń tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Julian kọ̀wé pé ọ̀nà Robinson kò tọ́. Bí ó bá ṣì í, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ní 1935, ohun tí wọ́n ṣe yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú èyí tí a rí lára ẹ̀wà. Julian ni ó jàre! Síbẹ̀, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, wọn kò fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó lọ sí ilé iṣẹ́ Glidden ní Chicago ní 1936. Lára òróró ẹ̀wà Kàlàbá ni ó ti kọ́kọ́ rí hóró funfun kan tí ń jẹ́ stigmasterol. Nígbà tí omi jò wọ inú àgbá òróró sóyà ńlá kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó ti bàjẹ́, ó dá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun inú rẹ̀ mọ̀. Láti ara rẹ̀ ni ó ti ṣe progesterone, èyí tí ó wà fún oyún tí ó fẹ́ bàjẹ́.

Ní 1950 ó ra ilé ní Oak Park. Kí wọ́n tó kó wọlé, àwọn aláìníyọ̀ọ́nú fẹ́ dáná sun ún. Ní 1951 wọ́n tún ju àdó olóró sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé sí àjò yóò mọ bí èyí ti rí lára. Ìdílé náà kò kó kúrò. Julian dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó tà á ní 1961 fún owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, ó sì kú ní oṣù kẹrin ọdún 1975.